Ohùn Tó Ń Ké Nínú Táyà Ọkọ̀ Ọdẹ́lànà

Ẹ fún mi ní àga tó ní ẹ̀yìn, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí ọkùnrin ń nàró sọ. Bí mo bá dé ibì kan nínú rẹ̀, orúnkún mi a máa gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ogójì ọdún báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí tó pa ẹfọ̀n méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo sì padà sílé wá bá ẹ̀kọ mi nínú ìkòkò, tí kò tíì tutù. Èmi náà ni mo pàdé àmọ̀tẹ́kùn lórí afárá olópó kan, tí a wo ara wa títí, tó jẹ́ òun ló yà fún mi. N kò ní kí ẹ̀rù má bà mí rí o. Ọdẹ tó bá ní ẹ̀rù kò ba òun rí, ẹ bi í bóyá ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ló ti ń ṣọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀sán gangan, ẹ̀rù inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rù tó ń dún lábẹ́ ìdí ènìyàn níbi tó jókòó sí, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìfẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ̀yin náà ti ṣe ọ̀dọ́ rí. Ọmọ ọ̀gá mi ni, Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Bí Àyọ̀ká bá ń bọ̀ láti odò, omi inú korobá rẹ̀ kì í dà, bí ẹni pé omi náà ń ṣọ́ra kí ó má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó ní ìlà mẹ́ta bí ìgbà tí amọ̀kòkò fi ìka fa ìlà sára amọ̀ tútù. Bí ó bá sì pè mí ní "Bọ̀dá Ọdẹ́", ọta inú ìbọn mi yóò fẹ́ yọ́. Mo ti ta ẹran ìgalà kan lọ́pọ̀ rí, torí pé òun ló kọjá bí mo ti ń dá iye lé e.

Ọ̀gá mi, Ọdẹ́lànà, ìyẹn bàbá rẹ̀, ló kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Ọkùnrin yìí ní ọkọ̀ kan, èyí tí a ń pè ní ìjàpá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù rẹ̀ wà níwájú. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé kókò tí oòrùn ti pa. Níwájú ló ń kó ẹran sí, lẹ́yìn ló ń kó ajá rẹ̀ méjì sí, Tanímọ̀la àti Máfọ̀rọ̀mi-ṣeré, wọn a sì yọ orí jáde ní fèrèsé bí olóyè tó ń lọ sípàdé. Nígbà tí àwọn ajá náà kú, ọ̀gá mi kò ra òmíràn. Nígbà tí òun náà sì ń kú lọ, ó fi ọwọ́ mi lé ọwọ́ Àyọ̀ká, ó ní, "Ọkọ̀ yìí ni yóò gbé ọmọ mi délé ọkọ. Kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn, ọyẹ́ sì gbé e lọ.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí ọdẹ bá kú, a ó ṣípà fún un. Gbogbo ohun tó fi ń ṣọdẹ ni a ó kó jọ, àpò rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀, fìlà rẹ̀, fèrè rẹ̀, ọdẹ kan yóò gbé e dé ìdí igi nínú igbó, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò kọ ẹ̀yìn sí i, kò sì ní bojú wẹ̀yìn títí yóò fi délé. Ohun kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. Bí ohun kan bá ṣẹ́ kù, olóògbé yóò dúró lójú ọ̀nà, kò ní lè lọ, kò sì ní lè padà. Èmi ni mo gbé ti Ọdẹ́lànà. Wọ́n ti di ẹrù náà láṣọ kí wọ́n tó gbé e rù mí, n kò tú u wò. Mo sọ̀ ọ́, mo padà, n kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Bí ó bá rọra ń lọ, yóò máa dún nínú táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, gbólógbòló, gbólógbòló, bí eyín tó tú nínú ẹnu arúgbó. Bí ó bá sáré, ariwo náà yóò nà, yóò tín-ín-rín, fìììììì, bí ẹni tó ń pe nǹkan láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ewúrẹ́ á sá. Àwọn obìnrin á gbé ọmọ wọlé. Àbúrò olóògbé, Bàbá Láníhùn, tó di olórí ilé, fi ọwọ́ lé fìlà onírun tó dé nítorí ọyẹ́, tí kì í ṣí lórí kódà bí ó bá ń jẹun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ké yẹn. Kò fẹ́ ìgbéyàwó yìí."

Mo ní, "Bàbá, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi yọ̀ǹda Àyọ̀ká fún mi."

Ó ní, "Ẹnu ààyè nìyẹn. Ẹnu òkú ni èyí. Ọdẹ́jìnmí, mo fún ọ di ọjọ́ ọjà. Bí ariwo yìí kò bá tán lára ọkọ̀, Àyọ̀ká yóò lọ sílé oníkòkó tó ń tọrọ rẹ̀ ní Ìdí-Obì. Ọkọ̀ tìyẹn kì í sunkún."

Ọjọ́ ọjà ku ọjọ́ méjì. Mo sáré pe Lámídì mẹkáníìkì. Kí ó tó dé, Àyọ̀ká ti tú àwọn ìdérí roboto tó máa ń bo àárín táyà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní òun fẹ́ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ọkọ̀ bàbá òun má bàa dọ̀tí lójú àlejò. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ nínú ọṣẹ. Ẹ gbọ́ mi o, ọwọ́ ni mo ń wò. Lámídì tú táyà, ó fi òróró sí bẹ́ríǹ, ó gbá a, ó gbọ́ ọ, ó wa ọkọ̀ náà yí ìlú po lẹ́ẹ̀mejì. Kò dún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ọdẹ, ọkọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan. Bí eyín bá ń dun èèyàn, tó bá rí dókítà, ṣebí ó máa ń dákẹ́ ni?" Bí Lámídì ti lọ, Àyọ̀ká dá ìdérí padà sára táyà. Mo wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Gbólógbòló, gbólógbòló, fìììììì. Bí ẹ bá jẹ́ èèyàn gidi, ẹ ti mọ ohun tí n kò mọ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ọdẹ ríran lóru, ojú ìfẹ́ kò ríran lọ́sàn-án.

Mo wá ro iṣẹ́ mi. Ọdẹ kì í bi ẹran léèrè ibi tó ń lọ, ipasẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Bí mo bá kọjú ọkọ̀ sí ọ̀nà ọjà, ariwo náà a lọ sílẹ̀. Bí mo bá kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà Igbó Ìdákẹ́, níbi tí mo sọ ẹrù ọ̀gá mi sí, a ké kíkan. Ó hàn pé ibẹ̀ ló ń pè wá sí. Ìgbà tí oòrùn ọjọ́ kejì là dáadáa, mo gbé ìbọn, mo wọ ọkọ̀. Àyọ̀ká ti jókòó síwájú, ó so gèlè le.

"Sọ̀ kalẹ̀, àyànfẹ́ mi. Kì í ṣe ibi tí obìnrin ń lọ."

"Bọ̀dá Ọdẹ́, ọkọ̀ bàbá mi ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Kí ni kí n ṣe? Mo wakọ̀. Inú mi tún ń dùn, òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Ohun tí wọ́n fi ń pe igbó yẹn ní Igbó Ìdákẹ́ ni pé ẹyẹ kan kì í dún níbẹ̀. Ewé bọ́, kò dún. Mo wúkọ́, mo kàn mọ̀ ọ́n láyà ni, etí mi ò gbọ́ ọ. Ariwo táyà wa nìkan ló ń lọ láàárín àwọn igi bí ẹni tó ń kígbe nínú ilé òfìfo. Ibi tí ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fún, mo rí ìyá arúgbó kékeré kan lórí òkìtì ọ̀gán. Gíga rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì balẹ̀, ó fi ọ̀kan tẹ́ ìdí, ó fi ọ̀kan bora. Akèrègbè yí i ká, gbogbo wọn ló fi ewé dí lẹ́nu. Àyọ̀ká di apá mi mú, èékánná rẹ̀ sì wọlé.

Iwin náà ní, "Ọdẹ, kí lo gbé wá tó ń sunkún báyìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀, orí mi lu sítíárì. Mo ní, "Ìyá àgbà, ọkọ̀ ni."

"Ọkọ̀ kì í sunkún, ebi ló máa ń pa á. Ìwọ wo àwọn akèrègbè mi. Gbogbo ohùn inú igbó yìí ni mo ti rà tán. Òjò àkọ́rọ̀ ló wà nínú eléyìí. Ẹ̀rín ọmọ tí kò léyín ló wà nínú tọ̀hún. Ta ohùn kan fún mi, èyí tó jẹ́ tìrẹ gan-an, n óò sọ ohun tí mo gbọ́ nínú táyà rẹ. Bí o kò bá tà á, n óò mú èyí tó wù mí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò ó kíákíá. Bí mo bá ta ìró ìbọn mi, iṣẹ́ mi tán. Bí mo bá ta ohùn ẹnu mi, kí ni n óò fi máa kọrin fún Àyọ̀ká? Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ gba ìhanrun mi."

Ó gbé akèrègbè sí mi nímú. Mo gbọ́ bí nǹkan ti ń tú lọ́nà ọ̀fun mi bí ìgbà tí wọ́n ń fa okùn yọ nínú kànga. Ó tẹ́tí sí i, ó rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń lu ara wọn pà-pà-pà. "Èyí tóbi! N óò máa fi í lé ẹ̀kùn!" Ẹ bi ẹni tí à ń jọ sùn, láti ọjọ́ náà bí òkú ni mo ń sùn, ó máa ń jí mi wò bóyá mo wà láàyè.

Ó wá fajú ro, ó ní, "Nǹkan méjì ni kò tíì dé nínú ẹrù ọ̀gá rẹ. Ọ̀kan lẹ́nu, kò lè jẹun. Ọ̀kan létí, kò lè gbọ́ràn. Ẹlẹ́nu bá ọ wá. Elétí kò bá ọ wá, ó wà nílé, ó jókòó síbi tó ga ju ojú lọ. Máa lọ. Wọ́n ti ń retí yín."

"Àwọn ta ni, Ìyá?"

Ó fi etí bo ojú.

Mo fẹ́ padà. Mo jẹ́wọ́ fún yín, mo fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n mo rántí ọkọ̀ oníkòkó, mo fojú inú rí Àyọ̀ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tẹ tọ́tù. A kò rìn jìnnà tí ọ̀nà fi há, tí igi ńláńlá fi sé wa mọ́ lọ́tùn-ún lósì, tí ilẹ̀kùn kò fi lè ṣí ju àlàfo tí ènìyàn lè fẹ̀gbẹ́ gbà jáde. Níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti kú. Ọkọ̀ dúró. Táyà dúró. Gbólógbòló, gbólógbòló.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Táyà dúró gbọin, kò yí, ariwo náà sì ń lọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ mímí. Hà-hà-hà, hà-hà-hà, mímí ajá tó ti sáré, lọ́tùn-ún ọkọ̀, lósì ọkọ̀. N kò rí ajá kankan. Koríko nìkan ló ń pínyà.

Nígbà náà ni ẹni gíga kan yọ níwájú wa láàárín ọ̀nà. Ara rẹ̀ dà bí èèpo igi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni a rí, síbẹ̀ gbogbo irun ara mi mọ̀ pé ó ń wò wá. Ìbọn wà lẹ́sẹ̀ mi. N kò rántí pé mo ní ìbọn.

Ó ní, "Èmi ni mo ń ṣọ́ ajá àwọn ọdẹ tó ti lọ. Ọdẹ́lànà ti dúró létí odò tí àwọn òkú ń sọdá láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣípà rẹ̀. Ajá rẹ̀ kò tọ̀ ọ́ wá, nítorí kò rí ohun tó ń fi pè wọ́n. Ó ń bẹ nínú táyà yín. Ta ló mú un?"

Fèrè! Ọkàn mi fò. Fèrè ìwo ẹtu tí ọ̀gá mi ń so mọ́rùn! Mo wo Àyọ̀ká. Kò wò mí. Ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, ètè rẹ̀ funfun bí ẹni tó lá eérú. Ohun gbogbo tí ẹ ti mọ̀ láti ìṣáájú, ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ nínú ọṣẹ, ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo rẹ̀.

Mo yanu, mo ní, "Èmi ni mo mú un."

"Kí ló dé tí o fi mú un?"

"Mo... mo fẹ́ràn ìró rẹ̀."

"Irọ́. Ìró rẹ̀ ń bà ọ́ lẹ́rù, mò ń gbọ́ bí eyín rẹ ti ń lu ara wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ìwọ ni, sọ̀ kalẹ̀ máa bọ̀, a ó jọ lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ létí odò." Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó tún ní, "Kí o tó sọ̀ kalẹ̀, já èyí fún mi. Ẹrù wo ló ń wúwo sí i bí a bá ń fi í pamọ́, tó sì ń fúyẹ́ bí a bá gbé e síta?"

Àyọ̀ká ló dáhùn. "Òtítọ́ ni. Má sọ̀ kalẹ̀, Ọdẹ́jìnmí. Jókòó!" Ẹ ṣàkíyèsí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè mí ní Bọ̀dá, tí kò sì bá mi sọ "ẹ". Kò tíì sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ikú ló wà níwájú wa. Ó ní, "Èmi ni mo yọ fèrè náà kí wọ́n tó di ẹrù. Gbogbo nǹkan bàbá mi ni wọ́n ń kó lọ, kò ku ẹyọ kan fún mi. Bàbá Láníhùn a máa yẹ gbogbo yàrá wò, mo bá fi í sínú ìdérí táyà. Mo gbèrò láti mú un kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kọ́kọ́ rìn tó sì fọn, mo rò pé bàbá mi ló ń pè mí. Ṣé kí n pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ẹni gíga náà ní, "Fọn ọ́n. Bí àwọn ajá bá mọ̀ ọ́, ó dára. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́, èmi ò lè dá wọn dúró."

Mo fẹ̀gbẹ́ jáde, mo fi ọ̀bẹ yọ ìdérí táyà, fèrè náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó gbóná bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn ènìyàn. Mo gbé e fún Àyọ̀ká láti ojú fèrèsé. Ó fọn ọ́n. Koríko ya láti gbogbo ìhà, ó ń bọ̀ pẹ̀lú agbára, mo di ojú. Mo gbọ́ ohùn Àyọ̀ká: "Tanímọ̀la? Máfọ̀rọ̀mi-ṣeré?" Nígbà tí mo la ojú, ọwọ́ rẹ̀ tó nà síta ti tutù fún itọ́, bí ìgbà tí ajá bá lá a. Ṣebí òun ló ń fún wọn lóúnjẹ láti kékeré. Fèrè náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹni gíga náà ní, "Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wa kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá kọjú sí wa, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀."

Ẹ wo wàhálà! Iwájú ọkọ̀ ló kọ sí wọn. Ọ̀nà há, kò sí ibi tí a lè yí i sí. Mo kó sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì jí ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo fi jíà sí rìfáàsì, èmi àti Àyọ̀ká yí ara wa padà pátápátá, a kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì iwájú, a tẹjú mọ́ gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn, mo ń fi ọwọ́ kan wá sítíárì bí afọ́jú tó ń wá ọ̀nà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ di iwájú wa. Nǹkan kan jókòó lórí búùtù, gbìì, ọkọ̀ tẹ̀ síwájú. Nǹkan náà ń fi ìka lu gíláàsì, kò, kò, kò. Ohùn kan sì sọ̀rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn ọ̀gá mi ni: "Àyọ̀ká, ṣé o kò ní wo ojú mi?"

Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo gbé iwájú orí mi ti tirẹ̀, mo tì í mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, imú mi wà létí rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni kí o gbọ́. Gbọ́ èmi nìkan." Ó ń sunkún, ó ń sọ pé, "Ó dàbọ̀, bàbá mi, ó dàbọ̀," kò sì yíjú. Bí a ti fi ẹ̀yìn rìn dé òkìtì ọ̀gán nìyẹn. Ibẹ̀ ni búùtù ti fúyẹ́. Nígbà tí a jáde sí gbangba, tí mo yí ọkọ̀ kọjú sílé, kò dún mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ló pa Àyọ̀ká lẹ́kún tuntun.

Bàbá Láníhùn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo táyà, ó tẹ́tí, ó ní kí n wà á lọ kí n wà á bọ̀. Kò dún. Àyọ̀ká kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un, láìfi ìkan pamọ́. Mo ti múra láti gba ègún tàbí ẹgba pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó, tí mo ní ọ̀kan ṣẹ́ kù, tó létí tí kò gbọ́ràn, tó jókòó síbi tó ga ju ojú lọ, àgbàlagbà náà gbé ọwọ́ sókè.

Ó ṣí fìlà onírun tí a kò rí i kí ó ṣí rí. Fìlà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Abetí ajá ni, àlàárì tó ti ṣá, etí rẹ̀ méjèèjì wó sílẹ̀, òógùn ọ̀gá mi ṣì wà ní ìgbátí rẹ̀.

Ó ní, "Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dé e, n kò fojú kan oorun." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ fẹ́ ara yín, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó kọ̀ fún yín. Ẹ̀rù tèmi ni mo ń dá lé yín lórí."

Ó wo ọ̀nà Igbó Ìdákẹ́. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó bi mí wẹ́rẹ́ bí ọmọdé:

"Ọdẹ́jìnmí, ṣé epo ṣì wà nínú ọkọ̀ yẹn?"